Pẹ̀lẹ́ Bàbá Àkànmú

Ìwọ tó ń kà á, bí orúnkún bá ń dùn ọ́, má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kí ọ pẹ̀lẹ́.

Ìyá Adérójú ń fò níbi eré ìdárayá àràárọ̀ àdúgbò. Orúnkún rẹ̀ yẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ẹ̀rọ ìlera tí wọ́n dè mọ́ ọwọ́ rẹ̀ ní ó ti jinná, pé inú ọkàn ni ìrora tó kù wà. Ẹni tí ìrora rẹ̀ bá sì wà nínú ọkàn, wọn a mú un lọ fọ ọkàn; àwọn tí wọ́n bá mú lọ kì í dá ọmọ wọn mọ̀ mọ́.

Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tiro díẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o." Ó ti bọ́ lẹ́nu Bàbá Àkànmú, aládùúgbò rẹ̀ tó ń fò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó tó rántí.

Alábòójútó eré náà yíjú. "Bàbá, a kì í kí ẹni tí ara rẹ̀ le pẹ̀lẹ́. Kí lẹ rí?"

Ó bi í lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bàbá Àkànmú tẹjú mọ́lẹ̀, ó ń fò lọ; alábòójútó wá yíjú sí ẹsẹ̀ Ìyá Adérójú.