Ìbà Tó Mú Ayàwòrán-ilé

Òfin ní kí ayàwòrán-ilé máa gbé inú ilé tó bá ya àwòrán rẹ̀. Nítorí náà, ilé gogoro méjì ni Ọ̀gbẹ́ni Fámúyìwá ń pààrà: oṣù mẹ́fà l'Ékòó, oṣù mẹ́fà n'Íbàdàn.

Gíláàsì ni ti Èkó láti ìsàlẹ̀ dókè, kò sì sí fèrèsé kan tó ṣeé ṣí. Kọnkéré lásán ni ti Ìbàdàn, àmọ́ atẹ́gùn ń fẹ́ wọ gbogbo yàrá rẹ̀.

"Ti Èkó ni mo fi ń yangàn," ló máa ń wí lórí tẹlifíṣọ̀n. "Ti Ìbàdàn, mo kàn fi kọ́ṣẹ́ ni."

Láàárọ̀ yìí, hẹlikọ́pítà akẹ́rù balẹ̀ sórí òrùlé ilé Ìbàdàn láti gbé e lọ s'Ékòó. Abẹ́ aṣọ ìbora ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó wá mú un ti bá a.

"Ìbà ni," ó kérora.

Obìnrin kan nínú wọn fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀. "Ara yín ò mà gbóná, sà."

"Ìbà abẹ́nú ni."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Òfin ò gbà kí aláìsàn kó lọ. Ó di oṣù mẹ́fà sí i."

Ìyá Múnírá, aládùúgbò rẹ̀, yọjú wọlé. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọlọ́run á jẹ́ kí ìbà yìí pẹ́ lára yín."

"Àmín!" ni Fámúyìwá dáhùn.