Pùrótéènì Inú Ìgò Kékeré

Ìgò náà kò ju ìka ọmọdé lọ, ó sì dà bí ẹni pé òfìfo ni. Pùrótéènì tí wọ́n ti gbẹ wà ní ìdí rẹ̀, ojú lásán kò sì lè rí i. Irú rẹ̀ wà lára sẹ́ẹ̀lì iṣan gbogbo ènìyàn. Eléyìí, iléeṣẹ́ ni wọ́n ti ṣe é fún àyẹ̀wò.

Larysa Hrynchuk, òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò, fi omi pò ó, ó sì tẹ́ ẹ sí ìdí àwọn ihò inú àwo ìdánwò. Àrùn kan wà tí ara ènìyàn fi ń bá pùrótéènì yìí jà, títí iṣan yóò fi dẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní in yóò sọ ihò di àwọ̀ ìyeyè. Ti ẹni tó yè kooro yóò mọ́ bí omi. Bí ìdánwò náà kò bá yege kí ọjọ́ Ẹtì tó parí, Dókítà Leclair, ọ̀gá wọn, yóò pa á tì, àwọn aláìsàn ní ìlú Saskatoon kò sì ní mọ ohun tó ń ṣe wọ́n.

Ihò àwọn aláìsàn di àwọ̀ ìyeyè. Ti ẹni tó yè kooro náà di àwọ̀ ìyeyè.

Gurdeep Sohal, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ní pùrótéènì náà ti bàjẹ́, pé wọ́n ti jẹ́ kí yìnyín rẹ̀ yọ́ lójú ọ̀nà. Larysa gba ìgò mìíràn. Kò yí padà. Ó pààrọ̀ àwo, ó pààrọ̀ omi ìfọ̀, kò pààrọ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan náà rí. Apá rẹ̀ ń ro ó bó ṣe ń gbé e sókè, ó sì ń tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan kó tó lè ka àwo náà.

Gurdeep ní, “Larysa, ìpéǹpéjú ẹ kan ti tilẹ̀kùn o. Èkejì nìkan ló kù lẹ́nu iṣẹ́.”

Larysa ní àìsùn ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, kò mọ ohun tó kù láti ṣe mọ́. Dókítà Leclair wá dúró lẹ́yìn rẹ̀.

“Kí lo ò tíì pààrọ̀?”

“Ẹ̀jẹ̀ ẹni tó yè kooro nìkan ni, Dókítà.”

Kò sí ẹni tó fura sí i rí. Àṣà wọn ni pé òṣìṣẹ́ tí ara rẹ̀ bá le yóò lọ sísàlẹ̀, nọ́ọ̀sì yóò fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọn kì í sì í kọ orúkọ sí i. Gurdeep lọ, ó sì gbé tirẹ̀ bọ̀.

Ihò rẹ̀ mọ́ bí omi. Pùrótéènì náà kò bàjẹ́ rárá. Dókítà Leclair jókòó, ó mí kanlẹ̀, ó ní àwọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀jẹ̀ aláìsàn lọ́jọ́ Ajé.

Gurdeep ń rẹ́rìn-ín. “Ta ló wá fún wa ní ti àkọ́kọ́? Ẹ bá mi kí i o, kẹ́ ẹ sì ní kó tètè lọ rí dókítà.”

Larysa kò rẹ́rìn-ín. Ó rọra ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ojú abẹ́rẹ́ nọ́ọ̀sì ṣì pọ́n níbẹ̀.