Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ Ìyá Àgbà

Òfin ni pé kí oníkálukú tutọ́ sínú abọ́ àyẹ̀wò tó ń fọhùn láràárọ̀ kí ilẹ̀kùn ilé tó ṣí. Abọ́ ọ̀hún ló ń tú àṣírí kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀dọ̀fóró. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń tutọ́ dípò Ìyá Àgbà, torí àgbà kì í tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lójú ọmọdé. Lónìí, wọ́n rin ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ tu ú fúnra yín.”

“Fadérera, ṣé abọ́ ló bí ọ ni?”

Ikọ́ gbé wọn. Àtẹ́lẹwọ́ mi ni mo fi gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ náà: ó gbóná, ó ń fà bí ilá, ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀. Mo dà á sínú abọ́.

Abọ́ pọ́n bí ata, ó ní: “Kòkòrò náà ti pé oṣù méjì lára wọn.”

Mo fọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Itọ́ ẹnu tèmi gan-an, tó bo àìsàn wọn mọ́lẹ̀, ni mi ò lè gbé mì mọ́.