Ọṣẹ Tó Bo Nọ́ńbà

Láàrin èrò tó kún ẹnu ọ̀nà sítúdíò ni ojú ọmọge tó ń fi ìpolówó sójú tẹlifíṣàn ti ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ti ọ̀dọ́mọkùnrin tó jẹ́ àlejò ètò ọjọ́ náà. Ọkàn ọmọge náà yọ́ bí òrí tó rí oòrùn.

Ní ìdí ẹ̀rọ rẹ̀, ohùn ọ̀gá nìkan ló ń gbọ́ nínú ohun tó fi bo etí; ọ̀rọ̀ àlejò kì í dé ibẹ̀. Ó kàn rí i tó ń sunkún, tó gbé fọ́tò arẹwà kan sókè, nọ́ńbà fóònù lábẹ́ rẹ̀.

“Olólùfẹ́ ló ń wá,” ló sọ nínú ara rẹ̀. Owú gbá a láyà. Ó gbé ìpolówó ọṣẹ sójú tẹlifíṣàn, ìfófòó ń jó lórí nọ́ńbà.

“Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ti sùn ni? Yọ ọṣẹ yẹn jàre!”

“Ẹ̀rọ ti há, ọ̀gá.”

Irọ́ ni. Ètò parí, fóònù ọkùnrin náà kò dún.

Ọmọge náà gbé omi tútù lọ bá a. “Ẹ gbàgbé ẹ̀. Obìnrin ò tán láyé.”

“Obìnrin wo? Àbúrò mi ni. Ẹni tó ní irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni mò ń wá. Dókítà ní kò gbọdọ̀ kọjá aago mẹ́rin.”

Aago ara ògiri ti kọjá mẹ́rin. Ọkùnrin náà fi lẹ́tà ilé ìwòsàn tí wọ́n kọ aago mẹ́rin náà sí lé e lọ́wọ́.