Ẹni Tó Ti Gba Aago Lọ

Oṣù méje ni Fọláhànmí fi ń retí aago kan. Inú omi, lábẹ́ ọkọ̀ ojú omi, ló ti ń ṣiṣẹ́, aago ló sì fi ń mọ ìgbà tí afẹ́fẹ́ tó gbé pọ̀n máa tán. Nígbà tí omi ba ti àtijọ́ jẹ́, ó fi fóònù bẹ ilé-iṣẹ́ kékeré kan l'Abẹ́òkúta, tó ń fọwọ́ ṣe aago tí omi kì í wọ̀, pé kí wọ́n ṣe òmíràn fún òun. "Ó ku díẹ̀" ni wọ́n ń wí nígbàkígbà tó bá pè wọ́n.

Nígbà tó ku ọ̀la kó tún wọ omi, ó fi ìbínú wọkọ̀ lọ bá wọn. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Obìnrin àgbà kan ló bá nídìí tábìlì iṣẹ́.

"Ṣebí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba aago yín lọ ni?" ni obìnrin náà wí.

"Èmi kẹ̀? Mà, ẹ má sọ mí di wèrè! Mi ò dé ibí rí."

"Ẹ̀yin náà ni. Omi ń kán tótó lára yín nígbà tí ẹ wọlé. Ẹ ní ó ti pẹ́ jù."

Fọláhànmí wolẹ̀. Ilẹ̀ tutù títí dé ẹnu ọ̀nà. Ó tẹ̀ lé ipa omi náà jáde.

Ọkùnrin kan dúró lẹ́nu géètì, aṣọ abẹ́ omi wà lọ́rùn rẹ̀. Ó bọ́ aago lọ́wọ́, ó fi í kọ́ géètì. Nígbà tó yíjú, ojú Fọláhànmí gan-an ló ní, ó ti wú bíi ti ẹni tó kú sómi. Ó rìn wọ inú òkùnkùn lọ.

Fọláhànmí pe ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀.

"Ọ̀gá, mi ò ní wọ omi lọ́la. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má wọ̀ ọ́."