Ẹnubodè Irin

Iṣẹ́ obìnrin kan ni kó máa gbá géèmù tí kò tíì jáde sọ́jà, kó wá ibi tó ti bàjẹ́. Ilé ló ti ń ṣe é. Orí fóònù ni ọ̀gá ti gbà á, wọ́n sì fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ sí i. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni fún un láì kọ́kọ́ wò ó láti òkè délẹ̀. Kò fẹ́ kó bọ́.

Ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí kì í gbá géèmù bí ọmọlúàbí. Ibi tí wọ́n ní kó má dé ló máa lọ. Tí wọ́n bá ní kó sáré, á dúró. Ògiri tí gbogbo ayé ń yà fún, á máa forí sọ ọ́ títí á fi mọ̀ bóyá ògiri ni lóòótọ́. Obìnrin yìí mọ̀ ọ́n ṣe débi pé Alágídí ni wọ́n ń pè é ní ọ́fíìsì tí kò dé rí.

Ọ̀rọ̀ wá dórí ẹnubodè irin. Jagunjagun inú géèmù gbọ́dọ̀ ṣí i kó tó lè délé. Ẹni tó ń gbá a máa tẹ bọ́tìnnì apá òsì páàdì tí wọ́n fi ń darí géèmù mọ́lẹ̀, kò ní jọ̀wọ́ ẹ̀, á sì máa tẹ ti apá ọ̀tún léraléra. Alágídí kọ̀wé ránṣẹ́ pé àléébù ni, kò ṣeé fi ọwọ́ kan ṣí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀gá pè é. Alágídí gbé fóònù lé tábìlì kó máa sọ̀rọ̀ síta, ó fi orúnkún há páàdì, ó ń gbá géèmù ẹ̀ lọ.

"Ta ló ń fi ọwọ́ kan gbá géèmù?" ni ọ̀gá bi í.

"Ẹni tó gbọ́mọ dání. Ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́."

"Ẹni tó bá ń jẹun, kó jẹun tán."

"Ọ̀gá, ẹ̀yin náà lẹ ní ká máa gbá a bí ẹnikẹ́ni ṣe lè gbá a."

"Gbogbo àwa tá a wà níbí la ti ṣí i. Ọ̀la ni géèmù ń jáde. Ìwọ nìkan ló kù kó o sọ pé ó ti dáa."

"Kò tíì dáa."

"Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí, ṣó o gbọ́? Fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú wa."

"Ó ń gbé e, ọ̀gá. Ó kàn ń pẹ́ ni."

"Èmi lo ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mò ń bọ̀ fúnra mi lọ́sàn-án yìí. Kó o sọ pé ó dáa, tàbí kí n gbé ẹ̀rọ mi lọ."

Ẹ̀gbọ́n Alágídí lóbìnrin jókòó nídìí fèrèsé, ó ń bó ọsàn fún un.

"Sọ ìdí ẹ̀ fún un, kó yé e."

"Ìdí wo? Ẹnubodè wọn ni kò dáa. Ṣé èmi ni mo ṣe é?"

"Iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ ẹ."

"Tó bá bọ́, ó bọ́. Mi ò ní pe ọjà tó jẹrà ní tuntun torí kínú ọlọ́jà lè dùn."

"Orí ẹ ti le jù."

"Orí kan náà la jọ jogún. Ẹ fún mi lọ́sàn jẹ."

Nígbà tí ọ̀gá dé, ẹ̀gbọ́n ló ṣílẹ̀kùn. Ó ní kó jókòó, ọ̀gá ní òun ò jókòó. Alágídí wà lórí àga gíga, ó kẹ́yìn sí ẹnu ọ̀nà, ó kọjú sí tẹlifíṣọ̀n. Ẹnubodè wà níbẹ̀, títì pa.

"Ṣé bẹ́ ẹ ṣe ń kí àlejò nílé yín nìyí?"

"Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá. Ẹ wá fi ọwọ́ kan ṣí i. Tó bá ṣí, màá ní ó dáa."

"Mi ò bá ẹ ṣeré. Gbé páàdì mi wá."

Alágídí dìde, ó yíjú sí i, ó na páàdì sí i.

Ọ̀gá la ẹnu láti sọ fún un pé a kì í fi ọwọ́ òsì fún àgbà ní nǹkan, ìgbà náà ló rí apá ọ̀tún ẹ̀wù ẹ̀, tí wọ́n ká sókè dé èjìká, tí wọ́n fi pín-ìnnì há, tí kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀.