Awò Tuntun Orí Ìbọn Algot

Àlébù kan ṣoṣo ni Algot Norling ní, ṣùgbọ́n ó tó àlébù mẹ́wàá: kò jẹ́ gbà láéláé pé ohun kan ti kọjá agbára òun. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, àwọn ará abúlé Lillmyr ń pe ìwà yìí ní ìgboyà. Nígbà tó di ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, wọn kò pè é ní ohunkóhun mọ́, nítorí ìwọ̀nba ni ẹni tó ń rí i.

Elsy, ìyàwó rẹ̀, ti kú láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ilé rẹ̀ dá wà létí igbó. Láti ìgbà òtútù títí di ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, ẹni tó ń mú lẹ́tà wá nìkan ló ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan péré ló kù fún un nínú ọdún: ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń ṣọdẹ àgbọ̀nrín ńlá nínú oṣù kẹsàn-án. Ní ọ̀sẹ̀ náà, ọdẹ mọ́kànlá a jókòó yí iná ká, wọn a se kọfí nínú kẹ́tùlù dúdú, wọn a fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, wọn a sì máa pe orúkọ Algot bí ẹni pé wọn kò gbàgbé rẹ̀ rí.

Ìdí nìyí tí ẹ̀rù fi bà á nígbà tí ojú ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Ó rò pé bí ẹgbẹ́ ọdẹ bá mọ̀, wọn yóò gba ibùba, ibi tó ń lúgọ sí de ẹran, lọ́wọ́ òun. Kò lọ rí dókítà ojú. Bọ́ọ̀sì ló wọ̀ lọ sí ìlú láti ra awò tuntun sórí ìbọn rẹ̀. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ohun tí Algot ṣe gan-an nìyẹn.

Siv, ọ̀dọ́bìnrin tó ń ta nǹkan ọdẹ, to awò mẹ́ta sórí tábìlì. Irú awò wọ̀nyí kì í sún ohun tó jìnnà mọ́ ni. Àmì pupa kan ni wọ́n ń fi hàn nínú dígí. Ibi tí àmì náà bá bà lé ni ọta yóò lọ.

“Bàbá, ẹ gbé e sójú. Báwo lẹ ṣe rí àmì yẹn?”

Ohun tí Algot rí dà bí èso pupa tí ẹnìkan fi bàtà tẹ̀: ó fọ́nká, ó sì ní ìrù.

“Ó rí roboto,” ni ó wí.

“Roboto dáadáa? Tó bá ní ìrù, ẹ má dá dígí lẹ́bi o, ojú ni. Ẹ kọ́kọ́ lọ rí dókítà. Màá bá yín tọ́jú awò, kò ní sá lọ.”

“Ọmọ yìí, kí wọ́n tó bí bàbá ẹ ni mo ti ń yìnbọn.”

“Ẹ̀n-ẹ́n! Bàbá mi náà máa ń sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti fi mọ́tò wó ilẹ̀kùn gáréèjì lẹ́ẹ̀mejì.”

Siv rẹ́rìn-ín, Algot kò rẹ́rìn-ín. Ó mú èyí tí àmì rẹ̀ tóbi jù lọ, ó gbà pé títóbi yóò borí bàìbàì. Nígbà tó délé, ó tún yí iná àmì náà sókè. Ìrù rẹ̀ gùn sí i.

Òfin ẹgbẹ́ ni pé ẹni tó bá pààrọ̀ awò gbọ́dọ̀ yìnbọn sí pátákó lójú Hjalmar, olórí ọdẹ, kí ìṣọdẹ tó bẹ̀rẹ̀.

“Algot, ìgbà wo lò ń bọ̀ wá yìnbọn sí pátákó ní pápá?” ni Hjalmar béèrè lórí fóònù.

“Mo ti yìn ín nílé. Márùn-ún nínú márùn-ún.”

“Ìwọ àti ẹnu ẹ! Ó dáa, mo ti gbọ́.”

Hjalmar gbà á gbọ́, nítorí ogójì ọdún tí wọ́n ti jọ ń ṣọdẹ kì í ṣe ọjọ́ kan.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ìṣọdẹ, ajá lé abo àgbọ̀nrín kan àti ọmọ rẹ̀ jáde síwájú ibùba Algot. Gbogbo ọdẹ ibẹ̀ ló mọ̀ pé bí ìyá àti ọmọ bá jọ jáde, ọmọ ni a ń yìnbọn fún, kí ó má baà di aláìníyàá nínú yìnyín. Algot fojú sun ọmọ. Àmì pupa náà fẹ̀ bo ọmọ, ó sì bo ìyá. Ó yìnbọn. Ìyá ló fò sókè, inú rẹ̀ ni ọta bà. Àwọn méjèèjì sì wọ igbó lọ.

Algot rìn lọ síbẹ̀. Ó rí ẹ̀jẹ̀ àti irun lórí koríko rírọ̀ tó bo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi orí bàtà rẹ̀ yí koríko náà dà, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ó sọ lórí rédíò pé òun tàsé. Síbẹ̀, Tyra, obìnrin ọdẹ tó ni ajá, wá, nítorí wọn kì í fi ìbọn tó dún sílẹ̀ láìyẹ ilẹ̀ wò.

“Bàbá Algot, níbo ni ẹran náà dúró nígbà tẹ́ ẹ yìnbọn?”

Ó nawọ́ sí ìdí òkúta kan lódìkejì. Ajá kò gbà. Ibi koríko tó yí dà ló ń fa okùn lọ.

“Ajá yìí ní kì í ṣe ibẹ̀ yẹn o.”

“Ehoro ló ń gbóòórùn. Àbí ajá ló yìnbọn ni?”

Tyra wò ó títí, ó bọ̀wọ̀ fún ewú orí rẹ̀, ó sì fa ajá padà. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n pe Algot ní ọ̀gá àwọn atàsé, wọ́n bu kọfí fún un, ó sì bá wọn rẹ́rìn-ín.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a; irọ́ Algot kò tilẹ̀ lò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Àwọn ẹyẹ ìwò, tí ń jẹ òkú ẹran, ló kóra jọ sókè àbàtà. Tyra bá ìyá náà nínú ẹrẹ̀, ó ti kú, ọmọ rẹ̀ sì dúró tì í, kò sá fún ènìyàn. Hjalmar fúnra rẹ̀ ló yìnbọn pa ọmọ náà, nítorí kò ní la òtútù já. Lẹ́yìn náà wọ́n padà sí ibùba, wọ́n ṣí koríko tí bàtà yí dà, wọ́n sì rí ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Hjalmar wá sílé Algot. Kò jókòó.

“Kò sẹ́ni tí kì í ṣi ìbọn yìn nínú wa, Algot. Ṣùgbọ́n o fi ẹsẹ̀ bo ẹ̀jẹ̀.”

“Ojú mi ni, Hjalmar. Mo rò pé ẹ máa lé mi.”

“Lé ẹ kẹ̀? Ta ló mọ igbó yìí tó ẹ? À bá fi ẹ́ sídìí rédíò, kó o máa darí wa. A tiẹ̀ ti sọ ọ́ láàárín ara wa. Ní báyìí, ta ló máa gba ohùn ẹ gbọ́ lórí rédíò?”

Wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́. Nínú oṣù kẹsàn-án ọdún tó tẹ̀ lé e, Algot jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ó ń gbọ́ ìró ìbọn láti òkèèrè. Nítorí pé òun ló ni apá kan nínú igbó náà, ìpín ẹran tọ́ sí i síbẹ̀. Ó mọ̀ pé ọjọ́ Sátidé ni wọn yóò gbé e wá, ó sì gbé kọfí kaná láti àárọ̀. Nígbà tó gbọ́ ìró mọ́tò, ó wọ bàtà, ó ṣílẹ̀kùn. Àpò ẹran náà ti wà lára ọwọ́ ilẹ̀kùn, wọ́n ti so ó dáadáa. Mọ́tò ti ń yà lọ ní ìyànà.

Ohun tí a rí dì mú nínú ọ̀ràn Algot kò ṣòro. Ojú tó ṣe bàìbàì kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, àṣìyìn sì ń bá ọdẹ gidi. N kò sì gbà pé gbogbo ẹni tó bá jẹ́wọ́ ni a ó gbà mọ́ra. Ayé kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi àìlera rẹ̀ pamọ́ nítorí kí àwọn ènìyàn má baà fi í sílẹ̀ ti kọ́kọ́ fi wọ́n sílẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí kò jẹ́ kí wọ́n mọ ẹni tí wọ́n ń bá jókòó. Kí ẹni tí ojú rẹ̀ bá ń ṣe bàìbàì sọ ọ́ nígbà tí kò tíì sí ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀.